Ohun Tí Dókítà Béèrè

"Ẹ bá mi bi í léèrè," ni dókítà wí, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kọ, "bóyá ó ń lo oògùn mìíràn yàtọ̀ sí ínhélà tó ń fà sẹ́nu yìí. Oògùn yòówù kó jẹ́. Ti ẹ̀fọ́rí, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó rà fúnra rẹ̀, èyí tí ẹnìkan fún un. Bí àyà rẹ̀ ṣe há tó yìí, ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ máa sáré ju báyìí lọ. Ó ń yà mí lẹ́nu."

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Wa yíjú sí àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò náà jókòó ṣánṣán, kò lè dùbúlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ sì ń ké fée-fée débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì ń gbọ́ ọ. Wọ́n ti fi ìbòmú ọ́síjìn bò ó nímú àti lẹ́nu. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó lè fi sọ̀rọ̀.

"Dókítà ní ṣé o jẹun láàárọ̀," ni Nọ́ọ̀sì Wa wí fún un ní èdè tiwọn.

Àbúrò rẹ̀ wò ó. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mi orí pé rárá.

"Ó ní rárá," ni Nọ́ọ̀sì Wa sọ fún dókítà. "Kò lo oògùn kankan."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ká má parọ́, kò sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan tí Nọ́ọ̀sì Wa gbà kọjá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹsàn-án rèé. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń wọ aṣọ fún wọn, ó sì ń fún wọn ní oògùn tí apòògùn ti kọ orúkọ kálukú sí lára. Ṣùgbọ́n ó ní yúnifọ́ọ̀mù, ó sì gbọ́ èdè àwọn onílùú débi pé ó lè fi bá wọn jà. Fún nǹkan bí ogójì ìdílé tó ń sọ èdè tirẹ̀ nínú ìlú ńlá yẹn, ìyẹn ti tó. Bí orí bá fọ́ wọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí lẹ́tà bá ti ọsibítù dé, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Òun ló máa ń tẹ̀lé àwọn ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà láti bá wọn ṣàlàyé ohun tó ń ṣe wọ́n, tó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo ogójì ìdílé ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kò ní ibi lọ́kàn. Ẹnu rẹ̀ ni kì í dúró sójú kan.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni àbúrò yìí. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun náà ló sì ránṣẹ́ pè é wá sí ìlú òkèèrè yìí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ni àbúrò ti ríṣẹ́, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí kò ní fèrèsé, tí ooru aṣọ gbígbóná àti òórùn bílíìṣì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń bá a fínra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ojoojúmọ́.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn méjèèjì jọ lọ sí kílíníìkì nítorí àyà náà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àbúrò, wọ́n tún un wọ̀n, ojú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ti ru gan-an. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wo aago ju bó ṣe ń wo èèyàn lọ, ní àyà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ nígbà kan. Kí wọ́n lọ bá àwọn tó wà níwájú kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn fún ti ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ọjọ́ tí àwọn tó wà níwájú fún un.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án," ni Nọ́ọ̀sì Wa ń wí bí wọ́n ṣe ń padà sílé. "Ká ní ìyá tiwọn ni, ṣé wọ́n á ní kó gbé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò kúkú pẹ́."

"Kò pẹ́ fún ẹni tí kò bá kú kó tó pé."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá kan kú ní yàrá keje nílé àwọn arúgbó, bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣẹ́kù, páálí mẹ́ta gbáko tí ẹnikẹ́ni ò tíì já. Òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n kó oògùn olóògbé padà fún apòògùn, apòògùn á sì dà á nù. Ọdún mẹ́sàn-án ni Nọ́ọ̀sì Wa ti ń fojú rí èyí, ó sì ń dùn ún dé egungun, oògùn gidi tí ọwọ́ kò kàn, tí wọ́n ń dà nù bí omi ìfọṣọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti dá a padà, ó sì kó páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò rẹ̀. Nígbà tó délé, ó fa páálí ya nítorí orúkọ bàbá náà tó wà lára rẹ̀, ó da páálí àti ìwé pélébé inú rẹ̀ sínú ààtàn láìkà á, ó wá kó káàdì tí wọ́n to hóró oògùn sí fún àbúrò rẹ̀.

"Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Bàbá tó ń lò ó pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún."

"Bàbá ọ̀hún dà báyìí?"

"Ó ti kú."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó fi omi gbé ọ̀kan mì. Láti kékeré ni kò ti mọ bí a ṣe ń wádìí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn yìí kọ́ ni yóò wá fi kọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nọ́ọ̀sì Wa ní ara ló ń bá oògùn mọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àbúrò ń fa ínhélà nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì Wa ní bílíìṣì ibi iṣẹ́ wọn ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, àbúrò gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé ìdajì, kò lè lọ sókè, kò lè sọ̀kalẹ̀, aládùúgbò wọn kan ló pe áńbúláǹsì. Bí wọ́n ṣe dé iwájú dókítà yìí nìyẹn.

"Ẹ sọ fún un," ni dókítà tún wí, "pé bó bá jẹ́ pé ó ń fa ínhélà yìí bó ṣe yẹ ni, kò yẹ kó rí báyìí. A máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yín. Wọ́n á gba oògùn, wọn ò sì ní lò ó bí a ṣe wí."

Àwọn èèyàn yín. Lọ́jọ́ mìíràn, Nọ́ọ̀sì Wa ì bá ti fún un lésì tí kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé e mì.

"Dókítà ní o kì í fa ínhélà rẹ dáadáa," ló wí fún àbúrò rẹ̀.

Àbúrò fa ìbòmú náà sísàlẹ̀. "Mò ń fà á," ló wí. Ó sinmi kó tó lè sọ ìyókù. "Ẹ̀yin náà ń rí mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sọ fún un."

Nọ́ọ̀sì Wa yíjú sí dókítà. "Ó ní òun á máa fà á dáadáa."

Wọ́n gbé àbúrò lọ sí wọ́ọ̀dù. Tó bá di ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì Wa gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́. Kó tó lọ, ó tẹ̀ sí àbúrò rẹ̀ létí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń tún ìrọ̀rí ṣe. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ wà nínú àpò rẹ lábẹ́ ìborùn. Má fò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ tún lọ ru sí èyí tó wà nílẹ̀ yìí, a ti wọ gàù. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n rí i o. Wọ́n á béèrè ibi tí a ti rí i, iṣẹ́ mi á sì bọ́."

Àbúrò fi ojú dá a lóhùn pé òun gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Wa wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ti gba yàrá keje nílé àwọn arúgbó. Tíṣà ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, kì í sì í gbé oògùn kankan mì àfi bí ẹnìkan bá ka ìwé inú páálí rẹ̀ sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù máa ń purọ́ fún un pé àwọn ti kà á, ìyá á sì pa ẹnu dé bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì Wa wò ó pé kíkà náà yá ju àríyànjiyàn lọ. Ó fa ìwé náà yọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti awakọ̀ ojú irin.

"Oògùn yìí wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru," ló ń kà. "Má ṣe lò ó bí o bá ní ikọ́ fée, tàbí bí o bá ti ní i rí, nítorí ó lè pa ọ̀nà èémí dé."

Ó tún ìlà náà kà sínú.

"Kí ló dé?" ni ìyá béèrè. "Ẹ máa kà á lọ."

"Ṣé ẹ ní ikọ́ fée, mà?"

"Mi ò ní. Ẹ máa kà á, ẹ má fo ìlà kankan."

Nọ́ọ̀sì Wa kà á dé òpin, kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó fún ìyá ní omi. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ wá gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: kó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, kó ní kó da oògùn náà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọsibítù, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní òun fẹ́ràn àbúrò òun, ohun tó rò nìyẹn. Ó pe fóònù náà. Ó dún títí, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ló sì gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín? A ti ń wá yín. Wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Gbogbo oògùn tí a ń fún un láti ṣí ọ̀nà èémí rẹ̀, kò gbọ́. A ò mọ ohun tó dé."

Ó jáde nínú yúnifọ́ọ̀mù, kò dágbére fún ọ̀gá, kò mú kóòtù. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ó lè ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oògùn náà nínú àpò àbúrò òun ni. Ó lè ní ọ̀rẹ́ kan níbi ìfọṣọ ló fún un. Ó ní irọ́ mẹ́ta tó dára lẹ́nu nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń dá wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé ibi tó ti rí àbúrò rẹ̀ látẹ̀yìn gíláàsì. Wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé. Kò sí ẹni tó máa mi orí fún un mọ́.

Dókítà àná ló wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti rí wúruwùru.

"Ohun tí ẹ ní kí n bi í lánàá," ni Nọ́ọ̀sì Wa wí, "mi ò bi í."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ti oògùn. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi ni mo fún un. Ti ẹni tó kú níbi iṣẹ́ mi ni." Ó dárúkọ oògùn náà.

Dókítà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Kí wá lẹ bi í?"

"Mo ní ṣé ó jẹun."

Dókítà kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. "Ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn?"

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárọ̀ òní. Èmi ni mo ní kó má fò ó."

Dókítà ti ń sáré kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì Wa dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n látẹ̀yìn gíláàsì bí wọ́n ṣe ń yí ìgò padà, tí wọ́n ń pe ara wọn, tí ẹnìkan ń tú àpò àbúrò rẹ̀, tó yọ ìborùn, tó yọ káàdì oògùn jáde, tó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i.

Nígbà tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, wọ́n wá oògùn tó kojú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, wọ́n yọ rọ́bà lọ́fun rẹ̀. Ọjọ́ kẹta yẹn kan náà ni ọ̀gá ilé àwọn arúgbó, tí ọsibítù ti fi ọ̀rọ̀ náà tó létí, pe Nọ́ọ̀sì Wa sí ọ́fíìsì, ó ṣí ìwé oògùn sójú ewé kan, ó ní ṣé òun ló kọ ọ́ pé òun ti dá a padà. Nọ́ọ̀sì Wa ní òun ni. Ọ̀gá ní kó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó bọ́ ọ. Títí dé ẹnu ọ̀nà, kò sí èyí tó bá a bẹ ọ̀gá, kò sí èyí tó bú u nínú àwọn tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gbà kó wọlé sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó bá a lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rù, ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n ó ń mí bí èèyàn.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ ò níṣẹ́ mọ́."

"Iṣẹ́ á tún wá. Ṣé ara ti ń mókun?"

"Ó ń mókun." Ó fi ìka fa etí ìborùn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Mo gbọ́ ọ, ẹ mọ̀?"

"O gbọ́ kí ni?"

"Ohun tí dókítà béèrè lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè sọ èdè wọn bíi tiyín, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbọ́ ọ níbi ìfọṣọ lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ó ní ṣé mò ń lo oògùn mìíràn. Ẹ̀yin wá ní ṣé mo jẹun."

Nọ́ọ̀sì Wa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó. "O gbọ́, o wá mi orí?"

"Ṣé kí n pè yín ní òpùrọ́ níwájú wọn ni?"

"Kí ló wá dé tí o tún ń lo oògùn náà?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fò ó." Ó sinmi kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. "Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ní bó bá jẹ́ pé oògùn yẹn ló ń pa mí, ẹ̀gbọ́n mi ò ní lè dákẹ́. Ẹ sì dákẹ́. Ni ọkàn mi bá balẹ̀, mo gbé ọ̀kan mì."

Nọ́ọ̀sì Wa bú sẹ́kún. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò mọ̀ pé ó ń pa àyà dé."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ló béèrè."

Wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Dókítà ló wọlé, òun àti obìnrin kan tó fi káàdì kọ́ ọrùn, tí Nọ́ọ̀sì Wa kò rí rí láàárín ogójì ìdílé. Obìnrin náà kí wọn ní èdè wọn, ó ní òun ni ògbufọ̀ tí ọsibítù pè, pé láti ìlú kejì ni òun ti wọ ọkọ̀ wá.

Nọ́ọ̀sì Wa ti dìde, ó ti ń fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún un."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni àbúrò wí fún ògbufọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀, "ẹ bá mi sọ fún dókítà pé èmi ni mo ní kí wọ́n pè yín. Ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi dúró síta ná."

Ògbufọ̀ sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Dókítà ṣí ìlẹ̀kùn.

Gíláàsì pelebe kan wà lára ìlẹ̀kùn náà. Látìta, Nọ́ọ̀sì Wa kò gbọ́ ohùn kankan, ṣùgbọ́n ó ń rí wọn. Dókítà béèrè nǹkan, ògbufọ̀ sọ ọ́ fún àbúrò. Àbúrò na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ohun tó ń ṣe é. Ó di ìka kìíní mú, ó fọwọ́ kan àyà. Ó di èkejì mú, ó fọwọ́ kan apá níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì Wa ń mi orí níta bí ẹni pé òun ló ń bá a sọ ọ́. Àbúrò wá di ìka kẹta mú, ó tẹ orí ba, ó fọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́ débi pé dókítà gbé ìjókòó sún mọ́ ọn. Ó di ìka kẹrin mú, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó tún ń sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kó di ìka karùn-ún mú.

Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni Nọ́ọ̀sì Wa mọ̀; ìyókù, àbúrò rẹ̀ kò fẹnu kàn án fún un rí. Ó kúrò nídìí gíláàsì náà, ó sì lọ jókòó sí ibi tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí.